Búrẹ́dì Ọwọ́ Màámi

Màámi ló ń ṣe búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ìjọ wọn ní Ọ̀kà Àkókó láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan nínú rẹ̀: fúláwà ni, omi, iyọ̀ díẹ̀ àti òróró ṣíbí kan. Wọn á pò ó, wọn á fi ìgò yí i títí á fi rí pẹlẹbẹ, wọn á fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri, wọn á sì yan án lórí páànù kan tí a kò gbọ́dọ̀ fi din nǹkan mìíràn nínú ilé. Mo fi páànù yẹn din ẹyin lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré. N kò dán an wò mọ́.

Ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń yan án. Bí ìyẹ̀fun bá ti wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í gba òfófó láàyè. Bí aládùúgbò bá gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wọlé, Màámi á ní kó jókòó ná títí àwọn á fi ṣan ọwọ́, kí àwọn lè gbọ́ ọ dáadáa. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe oyè, ẹnikẹ́ni kò sì dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àwọn wúlò nílé Ọlọ́run.

Ọdún kan wá dé tí ibà Lásà gba ẹnu gbogbo èèyàn kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Rédíò kò sọ ju ọ̀rọ̀ eku tó ń fi ìtọ̀ kó àrùn náà sínú oúnjẹ lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní Ìkàrẹ́, a gbé ike omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ní Ọ̀kà, àwọn ìyá tó ti ń sá láfún sórí àpáta láti ọjọ́ tó ti pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wọlé tìbínú-tìbínú, wọ́n ní àpáta kò ṣe àwọn ní nǹkan rí.

Títí di òní, a kò mọ ibi tí Màámi ti kó o. A rò pé ibà lásán ni, a ra oògùn ní kẹ́mísì. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti èrìgì wọn. Mo háyà ọkọ̀, mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wọṣọ bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ilẹ̀kùn sì tì. Ojú fèrèsé onígíláàsì ni mo ti ń rí wọn láti ọjọ́ náà lọ. Èmi fúnra mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wọn ìgbóná ara mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí orí bá sì ti fọ́ mi díẹ̀, mo ti ń ronú ẹni tí yóò tọ́ àwọn ọmọ mi.

N kò ní purọ́ mọ́ ìjọ Ọ̀kà. Wọ́n gbàdúrà. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n tó lọ sóko àti sọ́jà, wọ́n máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Pásítọ̀ wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Àkókó, ń pè mí lórí fóònù lójoojúmọ́ láti bi mí bí ara ṣe ń le sí. Mo lọ bá wọn níbi àdúrà náà ní àárọ̀ Wẹ́sidé kan, bí wọ́n sì ṣe ń ké pe Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, mo sunkún, mo ní bí àwọn èèyàn báyìí bá wà láyé, ìyá mi kò ní kú.

Wọn kò sì kú. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé àyẹ̀wò kò rí àrùn náà mọ́ lára wọn, pé wọ́n lè padà sílé, kí wọ́n máa bá èèyàn gbé, kí wọ́n máa bá èèyàn jẹ. Ibà náà kò kàn lọ bẹ́ẹ̀, ó mú etí òsì wọn dání. Màámi ní kó máa mú un lọ, pé etí yẹn ni àwọn fi ń gbọ́ ìsọkúsọ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ará ìjọ wá kí wọn káàbọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni wọ́n dúró sí. Màámi bu omi fún wọn, kò sí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹnì kan kí wọn láti ọ̀ọ́kán, ó sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Inú bí mi gidigidi. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gba ààwẹ̀ ni? Ṣé Ọlọ́run dá yín lóhùn, ẹ wá ń bẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀?

Èmi tí mò ń bínú yìí ńkọ́? Gbogbo Fúráídè ni mò ń wá láti Ìkàrẹ́, tèmi ti kúlà oúnjẹ mi. Mo ní ara wọn kò tíì le tó láti máa se oúnjẹ fún àlejò. Bí Màámi bá se iyán, tí wọ́n gbé e síwájú mi, mo ti yó. Bí wọ́n bá din dòdò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Mo ra abọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ìbùsùn mi, mo sì ń fi omi apakòkòrò fọ ọ́. Tàwọn ará ìjọ ni mò ń pè ní àìnígbàgbọ́. Tèmi, ìṣọ́ra ló ń jẹ́. Màámi á gbé iyán náà kúrò, wọn á jókòó jẹ ẹ́ fúnra wọn.

Ní Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dé, obìnrin méjì láti ẹgbẹ́ ìyá wá. Wọ́n ní ìjọ rán àwọn wá gba páànù búrẹ́dì, kí Màmá lè sinmi, pé ẹlòmíràn yóò máa bá wọn ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Ohùn wọn dùn. Èyí tó ga nínú wọn kò gbé ojú sókè rárá.

Màámi béèrè iye ìgbà tí ìgbà díẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní títí ọkàn àwọn èèyàn á fi balẹ̀.

“Ọkàn àwọn èèyàn wo?” ni Màámi wí. “Mo rò pé èmi náà wà lára wọn.”

Wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Màámi ní páànù kì í ṣe ti ìjọ, owó ata tí àwọn tà lọ́jà ni àwọn fi rà á, àti pé páànù náà pẹ̀lú ẹni tó ni ín ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin náà lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó yá, pásítọ̀ pe fóònù mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Mo fún un ní èsì tí kò yẹ kí olùkọ́ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run.

Mo sọ fún Màámi pé kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀, kí wọ́n wá máa bá mi lọ sí tèmi ní Ìkàrẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ àìsàn tó ṣe wọ́n. Wọ́n ń pò fúláwà lọ́wọ́ nígbà náà.

“Kí n lọ máa sá pamọ́ nítorí pé mi ò kú?” Wọ́n ní Ọlọ́run kò yọ àwọn nínú ibà kí àwọn lè wá máa ti ara àwọn lójú kiri. Wọ́n yan búrẹ́dì náà, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Agbára wọn kò tíì padà tán, wọn kò tètè yí i, búrẹ́dì náà sì jó létí kan. Wọ́n fi ọ̀bẹ họ ibẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, pásítọ̀ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba àwo náà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní òun yóò gbé e síbi tó dáa. Inú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ oyè ló gbé e lọ. Nígbà tí àsìkò Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tó, tí wọ́n ká aṣọ orí tábìlì, búrẹ́dì ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Ó pẹ́ tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sí ìjọ náà jọ, mo sì ti ń gbé ara kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Màámi ti dìde ṣáájú mi. Wọn kò sáré. Wọ́n rìn wọ inú yàrá yẹn, wọ́n gbé àwo wọn jáde, wọ́n gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Màámi kọjú sí ìjọ.

“Ẹ gba ààwẹ̀ nítorí mi,” ni wọ́n wí. “Ẹ ní kí Ọlọ́run wò mí sàn, ó sì wò mí sàn. Ìwé dókítà wà nínú báàgì mi, ẹni tó bá mọ̀wé lè wá kà á. Tí ẹ ò bá gba dókítà gbọ́, tí ẹ ò sì gba Ẹni tí ẹ bẹ̀ gbọ́, ta wá ni ẹ̀ ń pè láràárọ̀?”

Pásítọ̀ ní, “Màmá,” ó sì sún mọ́ tábìlì. Màámi ní kó gbàdúrà sórí oúnjẹ náà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, àwọn ti ṣe tàwọn. Ó wo Màámi, ó wo ìjọ, ó na ọwọ́ sórí àwo méjèèjì, ó gbàdúrà. Mo bọ̀wọ̀ fún un láti ọjọ́ yẹn, torí mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Màámi ṣẹ́ búrẹ́dì náà. Ojú tí mo rò pé wọn á fi wo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìyá, èmi ni wọ́n fi wò.

“Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wá,” ni wọ́n wí. “Àtọjọ́ tí mo ti dé lo ti ń yó.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ. Ojú tì mí bí kò ṣe tì mí rí láyé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ fún ìjọ pátá, orí mi ló padà wá bá. Mo rìn lọ síwájú, ó dà bíi pé ilẹ̀ ń gùn sí i. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Màámi fi búrẹ́dì sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n sì dúró.

Mo fi sẹ́nu. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń dìde lẹ́yìn mi, n kò mọ̀ bóyá wọ́n ń bọ̀ níwájú ni tàbí wọ́n ń jáde síta, n kò sì bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo gbé e mì tẹ̀rù-tẹ̀rù, mo sì tún na ọwọ́ fún òmíràn.