Orúkọ Tí Abẹ Fá Kúrò

Ọdún mẹ́fà ni mo fi di ọ̀gá onítẹ̀wé yẹn sínú, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti dárí jì í.

Ṣómólú ni ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ wà. Èmi ni mo máa ń fi pẹ́ńsù ya ojú èèyàn tó ń gbé sára kàlẹ́ńdà. Bí mo bá ti kọ orúkọ mi sí igun ìsàlẹ̀ àwòrán, á fi abẹ fá a kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ojú pépà á fi mọ́, á wá kọ tiẹ̀ síbẹ̀. Níjọ́ tí mo bi í, ẹ̀rín ló fi mí rín.

“Ta ló mọ̀ ẹ́ ní Ṣómólú yìí? Èmi ni kọ́sítọ́mà mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Mo lọ ra síkírìnì kan tí wọ́n máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí èèyàn á fi bírò rẹ̀ yàwòrán sójú rẹ̀ gan-an. Ojú mi rí màbo nínú yàrá mi ní Bàrígà. Bírò ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n da omi ọṣẹ sí. Bí mo bá pa ìlà kan rẹ́, mo tún máa ń fẹnu fẹ́ ojú síkírìnì, àfi bíi pé èérún rọ́bà wà níbẹ̀.

“Ṣé tíì gbígbóná lò ń fẹ́ ni?” Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Igbóbì ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò dáwọ́ dúró.

Nígbà tó yá, àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní Ìlàjẹ fẹ́ kí ojú olórí wọn tó ti kú wà lára kàlẹ́ńdà wọn. Mo yà á, mo kọ orúkọ mi sí i, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Mo mọ ohun tó máa ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá wò ó, mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo lọ bá wọn ní ilé ìtẹ̀wé.

Orúkọ ọ̀gá ló wà lára àwòrán lóòótọ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ń sunkún, ó ń ṣàdúrà fún un. “Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín, ọ̀gá.”

“Àmín, mà. Mi ò sùn dáadáa nítorí ẹ̀.”

Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí a ṣe yà á.” Ọ̀gá ò mọ̀ pé gbogbo ìlà tí mo bá fà ni ẹ̀rọ yẹn ń ká sílẹ̀. Mo tan fídíò rẹ̀. Ojú jáde, imú jáde, ẹ̀rín olóògbé jáde, orúkọ mi ló tẹ̀lé e.

“Ta ló ń jẹ́ báyìí?”

“Èmi ni, mà.”

Màmá nu ojú, ó ní kí ọ̀gá dá orúkọ mi padà síbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ọ̀gá rọra ní kí n bá òun kọ ọ́. Mo káwọ́ gbera.

“Ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́, sà. Ẹ̀yin náà lẹ máa kọ ọ́.”

Ó jókòó, ó ń fi máòsì fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wò ó, inú mi ń dùn. Ó wù mí kí orúkọ mi gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.