Ẹni Tó Jókòó Ti Sáfà ní Oǹdó

Ọkùnrin tí mo bá wọn gbé pósí rẹ̀ ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, ló bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án gangan, nínú yàrá kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ rédíò wa ní Oǹdó. Ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ ìròyìn. Mi ò parọ́ mọ́ alààyè rí, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lórí òkú ọ̀rẹ́ mi.

Sanmí ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú àwọn sáfà wa, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo iṣẹ́ iléeṣẹ́ wà nínú wọn. Lọ́dún tí epo di ohun tí à ń sùn tì nílé epo, àwọn ọ̀gá ní Àkúrẹ́ pinnu láti ti ẹ̀ka Oǹdó pa, kí a kó sáfà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí ilé tuntun ní Ọ̀bà-Ilé. Sanmí kọ ètò bí a ó ṣe kó wọn. Èyí tó gbó jù ni yóò kọ́kọ́ lọ, torí kò lè fara da kí iná máa lọ, kó máa dé. Inú rẹ̀ ni ohùn tí àwa akọ̀ròyìn gbà sílẹ̀ wà. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn pa á.

Lọ́sẹ̀ tí a sin ín ni wọ́n ya ètò náà dànù. Ẹ gbà mí gbọ́, mo wà nípàdé. Ọ̀gá àgbà ní, "Ṣé sáfà àwọn akọ̀ròyìn ni yóò ṣáájú tèmi wọ ilé tuntun?" Ni wọ́n bá tò ó bí ẹni ń to àga àlejò: ti ọ̀gá àgbà, ti igbákejì rẹ̀, ti akọ̀wé àgbà. Tiwa gbẹ̀yìn.

Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Nínú sáfà ogbó yẹn ni ohùn bíríkìlà kan wà, ẹni tó rí bí wọ́n ṣe fi yanrìn lásán kọ́ ilé tó wó pa ọmọ Màmá Títí, obìnrin tó gbé ẹni tó kọ́lé náà lọ sí kóòtù. Bíríkìlà náà ti kú. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà. A kò gbọ́dọ̀ da nǹkan kọ níbẹ̀ láìsí ìbuwọ́lù ọ̀gá, ọ̀gá sì ní kí n dúró de ipò mi. Kóòtù fẹ́ gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ ìkẹrù, iná lọ. A pa jẹnẹrétọ̀ torí epo. Mo wọlé lọ wo tiwa.

Sanmí jókòó tì í.

Ṣáàtì aláwọ̀ ewé tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé sáfà náà, iná kékeré iwájú rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Iná wo? Ẹ bá mi bi í.

"Ta ló tò ó báyìí?" Ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ.

"Àwọn ọ̀gá ni."

"Gbé eléyìí kọ́kọ́. Bí iná bá tún já lórí rẹ̀, ó parí."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé géètì. Bàbá Ṣẹ́gun, ọlọ́dẹ wa, pàdé mi níbẹ̀. "Ẹ̀yin náà rí i? Mo ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ó ní a dúpẹ́. Ó ti wọlé kí n tó rántí pé a ti sin ín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára!"

Mo pe ọ̀gá àgbà. Ó ní, "Ṣé òkú ló ń bá mi darí iléeṣẹ́ ni? Ẹ tẹ̀ lé ètò!"

Mo tẹ̀ lé e. Òun ló ń bí mi nínú jù. Sáfà mẹ́ta ni ọkọ̀ gbà, ó gbé ti àwọn ọ̀gá lọ. Kí ó tó padà dé, iná dé, ó lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tí a tan tiwa ní Ọ̀bà-Ilé, kò dún, kò ṣẹ́jú.

Mo sọ fún Màmá Títí pé ohùn náà ti ṣòfò. Kò sunkún. Ó wò mí. "Bíríkìlà yẹn ti kú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tún pa á."

A ti ti ilé Oǹdó pa. Bàbá Ṣẹ́gun ṣì ń búra pé òun kò tíì rí Sanmí kó jáde. Ẹ̀yin tí ohùn yín wà níléeṣẹ́ kan, ẹ lọ gba ẹ̀dà tiyín lónìí. Ẹ má dúró de ipò kankan.

Iléeṣẹ́ ní ìgbìmọ̀ yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá àgbà ni alága. Akọ̀wé kóòtù ní bí ohùn náà kò bá dé kí oṣù yìí tó parí, adájọ́ yóò tú ẹjọ́ náà ká.