Ọgbà Ìṣeré Tàbí Mẹ́kà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bàálù kò lè kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn wòlímọ̀ Kùránì mi ní Mushin, bàbá mi ní kí n yan ọgbà ìṣeré tí a máa ń lọ lọ́dún Iléyá, tàbí kí n sin ìyá àgbà lọ sí Mẹ́kà. Wọn kò lè dá lọ, ni mo bá yan Mẹ́kà.

Lójú ọ̀run, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í mì jìgìjìgì. Mo figbe ta: "Ọgbà ìṣeré ni mo fẹ́!"

Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú. "Ṣé kí wọ́n já wa sílẹ̀ níbí ni? Máa ké Kùránì rẹ!"

Fátíhà nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Òun ni mo ń kà títí a fi balẹ̀. Ìyá àgbà kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kò jẹ́ kí wọ́n dá lọ.