Dọ́fíìnì inú àwọ̀n baba onílé mi

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹja lọ́fẹ̀ẹ́ ní etíkun Àgbádárìgì, kó wá fa okùn àwọ̀n. Àwọn apẹja á fi ọkọ̀ ta àwọ̀n sójú òkun; gbogbo ẹni tó bá bá wọn fà á gòkè á gba tirẹ̀ nínú ẹja. Èmi ọmọ Èkìtì tí mo ń ṣe tíṣà, mo máa ń fà á ní Sátidé. Ọwọ́ mi á bó, ojú ò sì tì mí.

Lọ́jọ́ kan àwọ̀n wúwo gan-an, la bá ń yọ̀, torí kìkì ike la ti ń fà látọjọ́ yìí. Àfi bí a ṣe rí dọ́fíìnì, ẹran òkun ńlá kan, láàárín ẹja, àwọ̀n ti lọ́ mọ́ ọn lára, ó ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀ bí èèyàn. Baba onílé mi ló ni àwọ̀n. Ègùn ni wọ́n, wọn kì í pa dọ́fíìnì. Wọ́n ní òun ló ń da ẹja wá bá àwọn. Bàbá yọ ọ̀bẹ láti gé àwọ̀n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e!" Ìyàwó wọn ló ké. Àwọ̀n kan ṣoṣo tó ń bọ́ ilé wọn nìyẹn.

Bàbá ní, "Ẹni tó ń bọ́ni, a kì í pa á."

Wọ́n gé e. Dọ́fíìnì jáde, ẹja bá a lọ. Háà! Àwọn tó fa okùn bú bàbá títí. Inú bí èmi náà, mi ò ní purọ́. Ọbẹ̀ mi ló lọ yẹn.

Kò pẹ́ tí ìgbì fi gbé dọ́fíìnì náà padà. A tì í lọ, ó tún bọ̀. Bàbá wọ omi dé àyà, wọ́n ń fi èdè Ègùn bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó kọ oúnjẹ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó kú.

Àwọn èèyàn ní ó kúkú ti kú, ẹ jẹ́ ká pín in. Wọ́n là á. Ó ti rù hangogo, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kún fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì àti okùn ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ dì pọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan káwọ́ lérí: "Yéè! Ebi ló pa á, inú ẹ̀ sì kún!" Ó dùn mí wọra. Kò sẹ́ni tó mú ẹran náà lọ sílé.

Gbogbo ìgbà òjò ni bàbá fi ń tún àwọ̀n yẹn hun. Gàrí la jọ ń mu nínú ilé.

Lóṣù tó kọjá, dọ́fíìnì mìíràn tún há sínú àwọ̀n, kékeré ni, ó ń mí. Gbogbo wa dúró. Èmi gan-an ni mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní gé e ni?"

Bàbá nawọ́ sí ọ̀rá tó léfòó káàkiri ojú òkun. "Tí mo bá gé e, ibo ló ń lọ?" Wọ́n di okùn mú. "Ẹ máa fà á."