Àwọn Tó Tẹ Amọ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Òórùn ọ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì abúlé wa, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, lọ́jọ́ àyájọ́ ìjọ. Wọ́n kun ilé Ọlọ́run bí ilé tí wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n wá lẹ òkúta mábù mọ́ ògiri, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá bàbá Bàbá Ìjọ wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Díẹ̀ ló kù kí n tutọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ó ṣojú mi kòró. Wọ́n pín ògiri ṣọ́ọ̀ṣì fún agboolé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn obìnrin ń pọn omi odò, wọ́n ń tẹ amọ̀ títí tó fi rọ̀, amọ̀ dé orúnkún, orin ń bẹ lẹ́nu. Inú àwa ọmọdé dùn ju ti ọjọ́ Kérésì lọ.

Ọkùnrin tí wọ́n ń yìn yìí ńkọ́? Àga ló gbé sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, tòun ti bàtà aláwọ tó ń dán, ó ń fi ọ̀pá júwe iṣẹ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Bàbá Oníbàtà ni àwọn obìnrin ń pè é. Ìpín agboolé tirẹ̀ ò kúrò nílẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ń gbà wọlé wá gbọ́ ìwàásù, wọ́n sì ń fọkàn sí i ju òun náà lọ.

Nígbà tó sú Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ó ké mọ́ wọn: "Ṣé àwa àti ewúrẹ́ ni ká jọ máa jọ́sìn ni? Ẹ jẹ́ ká dí i!" Òun àti obìnrin mọ́kànlá ló mọ ògiri ibẹ̀. Bàbá Oníbàtà wá wò ó, ó ní ó wọ́. Ìrànkíràn!

Lọ́jọ́ àyájọ́ yìí, akọ̀wé ìjọ fún mi níwèé. "Mọ́mì, ẹ bá wa ka ìtàn ìjọ. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù." Mo wò ó, kò sí Yèyé nínú rẹ̀. Bí mo bá kà á, ẹnu èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò pa á rẹ́.

Mo dìde, mo ká ìwé náà. "Irọ́ ni wọ́n kọ síbí. Obìnrin méjìlá ló mọ ògiri tí mábù yín wà." Bàbá Ìjọ wúkọ́. Mo ka Ìyá Táyé, mo ka Ìyá Délé, mo ka Yèyé.

Akọ̀wé yọ bírò. "Mọ́mì, kí lorúkọ wọn gan-an, ká lè kọ ọ́?"

Mi ò mọ ọ̀kankan. Ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ nígbà tiwa. Yèyé kú kí n tó gbọ́n tó láti béèrè, bàbá mi sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bi í léèrè rí.

Mo jókòó. Ojú tì mí. Àwọn tí mò ń fojú tín-ín-rín yìí, wọ́n kúkú mọ orúkọ bàbá bàbá tiwọn.