Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Kò Tíì Rọ̀

"Wọ̀ ọ́ kó rọ̀ ná."

Ọ̀rọ̀ tí Subol bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n ti gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tó fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Ibà ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ gbẹ. Síbẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi ìka méjì tẹ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi wò bíi pé ó fẹ́ rà á. Ó ní kó rọ̀ ná. Kò padà wálé.

Ìlú Sonarpur ni wọ́n bí i sí, lẹ́yìn rélùwéè, létí adágún tí ewé ti bò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kántà gígán nígbà tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù. Sárì, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin ń wé mọ́ra, tó ti gbó la fi ń ṣe kántà. A ó tò wọ́n lé ara wọn, a ó fa òwú yọ létí wọn, a ó fi òwú náà gán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora kan. Kò sílé tí kò ní i. Ṣùgbọ́n aṣọ àwọn èèyàn wa ni Subol fi ń ṣe tirẹ̀: àwa ọkùnrin tí ọkàn wa ń fà sí ọkùnrin, àti àwọn bíi Lokkhi-mà, tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tó ní obìnrin lòun. Bí ẹnì kan bá kú nínú wa, ẹbí á dé. Wọ́n á sun òkú rẹ̀ ní orúkọ tí kò jẹ́ mọ́, wọ́n á dáná sun fọ́tò rẹ̀. Subol á lọ tọrọ aṣọ rẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù aṣọ òkú, wọ́n á jù ú sí i. Á mú un wálé, á fi abẹ́rẹ́ gán àwòrán ẹni tó ni ín sára rẹ̀: ẹni tó ń din ẹja, ẹni tó ń jó níwájú òrìṣà. Àwọn tó ṣì wà láàyè náà fún un ní àkísà wọn, ó sì gán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di kántà kan. Sárì pupa Lokkhi-mà wà níbẹ̀.

Àárín ni Tapas wà.

Tapas ló fẹ́ Subol ṣáájú mi. Ó lọ gbé ìyàwó ní Barasat, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀. Subol ya ojú Tapas sára ṣẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe ń sùn, àmì dúdú tó wà létè rẹ̀ kò gbẹ́yìn. Kántà yẹn la fi ń bora. Abẹ́ ojú Tapas ni mo ń sùn.

Mo bi Subol ìdí tó fi jẹ́ pé àárín ni. Ó ní àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀ kántà, kì í ṣe etí. Ìdáhùn yẹn kò tù mí lára rárá.

Nígbà tí ọdún dé, mo ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, mo gbé e fún un nínú ọ̀rá rẹ̀ pé kó fi tèmi náà sí i. Lokkhi-mà ń jẹ ìrẹsì yíyan lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa á títí ìrẹsì fi dà sí i láyà.

"Bishu ọmọ mi, aṣọ tuntun? Tómi bá kàn án, á súnkì. Á fa gbogbo wa jọ bí ẹnu arúgbó."

Subol kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àyè kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tapas, tí kò tíì ya ẹnì kankan sí. Ó ní tèmi nìyẹn, kí n máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ibà dé kó tó rọ̀.

Lẹ́yìn tí a sun Subol, Lokkhi-mà ní òun máa gbé kántà náà kọ́ síwájú gbọ̀ngán àdúgbò, kí wọ́n lè rí wa. Tapas gbọ́. Ó dé tòun ti àpótí ohun dídùn àti sísọ́ọ̀sì. Ó ní àna òun kan ń gbé nítòsí, òun ò fẹ́ kí ojú òun wà níbẹ̀.

"Jẹ́ kí n gé e, Bishu. Kékeré ni."

Àyè àárín tí mo fi gbogbo òru mi wá tí mi ò rí, òun wá láti gé e dànù. Mo gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n má parọ́, ó wù mí láti gé e. Mo dojú aṣọ délẹ̀ kí n lè rí ibi tí òwú tó ya Tapas parí sí. Kò parí. Láti èjìká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba inú sárì Lokkhi-mà kọjá, ó gba inú àyè mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń din ẹja. Bí mo bá gé e, àyè mi náà á tú.

Mo dá sísọ́ọ̀sì padà fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ti sanra. Àna yín ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Lokkhi-mà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sun Subol. Tapas kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó wo kántà náà pẹ́, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó lọ. A jẹ ohun dídùn rẹ̀. Mo ṣì ń jowú rẹ̀.

Lokkhi-mà ní tí ṣẹ́ẹ̀tì mi bá rọ̀ tán, òun á kọ́ mi ní gígán, kí n lè fi í sí àyè mi.

Láàárọ̀ yìí mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ sí adágún, kó lè tètè rọ̀. Mo fi ọwọ́ ti ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rì í sómi, mo lù ú mọ́ òkúta, mo fún un, mo tún rì í. Ọrùn rẹ̀ ṣì le.