Obìnrin Filipíìnì Tó Gba Ọmọ Wa Sọ́dọ̀

Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo wà, ní ilé ìwé wa ní Ayétòrò, nígbà tí ìpè náà wọlé. Nọ́ńbà òkèèrè ni. Ó ti tó oṣù kan tí a ti gbóhùn ọmọ wa obìnrin gbẹ̀yìn, oúnjẹ kò sì lọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ mọ́. Mo sáré jáde sínú ọ̀yẹ́, mo ní, "Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni?"

Kì í ṣe òun. Obìnrin àjèjì kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀rọ̀ kékeré kan tí n kò mọ̀ kádìí gbólóhùn rẹ̀.

"Ṣé bàbá ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ nílé kejì sí tiwa nìyẹn, po? Ará Filipíìnì ni mí. Ọmọ yín ló ní kí n pè yín. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ kò yá, wọn kò sì jẹ́ kó jáde kúrò nínú ọgbà. Ẹ má pè mí padà o, èmi ni màá máa pè, po."

Ó gé e. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò bí ọmọdé.

Nígbà tí ọmọ náà jáde ìwé tí kò ríṣẹ́, obìnrin kan ní Ìlaròó sọ pé òun ń bá àwọn ọmọbìnrin wá iṣẹ́ ilé ní ilẹ̀ Lárúbáwá. A gbàdúrà sí i, ó lọ. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń pè wá tẹ́lẹ̀, bí a bá ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún ìyàwó mi, ńṣe ló káwọ́ lérí. "Bàbá wọn, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ nìyẹn! Ẹ máa wò ó, wọ́n ṣì máa béèrè owó."

Ohun tó ń ba èmi náà lẹ́rù nìyẹn. Ní ẹnu bodè tiwa yìí, ta ni kò mọ ẹnì kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn mú ọmọ rẹ̀ kọjá sí ọ̀hún, tí ojú kò tún rí i mọ́? A wọ mọ́tò lọ sí Ìlaròó lọ́dọ̀ obìnrin tó mú un lọ. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí i. Bí a ti ń padà bọ̀, gbogbo ibi tí àwọn aṣọ́bodè bá ti dá mọ́tò wa dúró ni àyà mi ń já, bẹ́ẹ̀ n kò gbé nǹkan kan pamọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà tún pè. Mo ní, "Bí o bá mọ ọmọ mi lóòótọ́, bi í léèrè oríkì tí ìyá mi ní Ìmásàí máa ń kì í."

"Màá bi í, po. Ìgbà tí àwa méjèèjì bá jọ ń da ilẹ̀ nù la máa ń sọ̀rọ̀ láti orí ògiri tó pààlà ọgbà wa."

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí le jù. Bí kò bá mú oríkì náà wá, oníjìbìtì ni. Bó bá sì mú un wá, a jẹ́ pé òótọ́ ni: ọmọ mi ń ṣàìsàn, wọ́n tì í mọ́lé. N kò mọ èyí tí mo fẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ nínú méjèèjì.

Ó mú un wá. Ó pè é ní àpètì, ṣùgbọ́n oríkì náà ni. Ìyàwó mi tó tẹ́tí létí fóònù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà náà ló sọ fún wa pé òun àtàwọn ará ìlú òun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fẹ́ gba ọmọ wa jáde nígbà tí àwọn onílé bá lọ sóde ìgbéyàwó. Mo bi í pé, "Bí wọ́n bá mú un ńkọ́? Bí wọ́n bá mú ìwọ gan-an ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, po," ló wí. "Ṣùgbọ́n ní abúlé wa, bí ẹnì kan bá fẹ́ kó lọ síbòmíràn, aládùúgbò á ti ọ̀pá bọ abẹ́ ilé onípákó rẹ̀, wọ́n á sì fi èjìká gbé ilé náà lódindi. Bàbá mi wà lára àwọn tó ń gbé e. Báyáníhàn la ń pè é. Abúlé wo la ní níhìn-ín bí kò ṣe ara wa?"

Mo rántí ọ̀wẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń bẹ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ̀ là ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ta ló mọ̀ wá níbẹ̀?

Lọ́jọ́ tí àwọn onílé lọ sóde ìgbéyàwó náà, ìyàwó mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi wà ní kíláàsì. Ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè ni mo ń kọ́ wọn: títì, iná mànàmáná, ilé iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ kan ní, "Sà, ṣé ara yín yá?" Mo ní ó yá. Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi, mo sì ń bẹ̀rù láti yọ ọ́.

"Bàbá mi." Ọmọ mi ni. Ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó wà nínú yàrá tí àwọn obìnrin Filipíìnì náà ń há mọ́ ara wọn sùn. Wọ́n ti se ìrẹsì rírọ̀ tó ní atalẹ̀ fún un, ọ̀kan nínú wọn sì fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìbẹ̀rù kò tán síbẹ̀. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn onílé, bí ọlọ́pàá bá sì kanlẹ̀kùn, gbogbo wọn ló máa bá a lọ. Síbẹ̀, àwọn ló bá a lọ sí ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè wa níbẹ̀, tí wọ́n jókòó tì í títí ó fi gba ìwé tó fi wálé.

Ó dé, ó rù hangogo. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé "po" yẹn dà bí "ẹ" tí àwa fi ń bu ọlá fún àgbà. Ó ní nínú iṣẹ́ yẹn ni àwọn obìnrin náà ti ń rán àbúrò níwèé, tí wọ́n ń kan òrùlé ilé àwọn òbí wọn, àti pé ní ìlú wọn, akọni ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. N kò fi irú èyí kún un rí.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó máa ń pè wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kò pè mọ́. Jímọ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá. Ọmọ mi kì í jáde nílé lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́, ó ń retí ìpè rẹ̀. Ó ní àfàìmọ̀ kí àwọn onílé náà má ti mọ ẹni tó ran òun lọ́wọ́.

Nígbà tí obìnrin náà pè níkẹyìn, ó ní wọ́n ti gbé òun lọ sí ìlú mìíràn, ìyá arúgbó kan ni òun ń tọ́jú. Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o jáde?"

"Ẹ máa gbàdúrà fún mi," ló wí.

Ìyàwó mi ní kó ka nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ní Filipíìnì fún òun. Ó kà á, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. A kò tíì pè é. Kí ni a fẹ́ sọ fún ìyá náà? Ṣùgbọ́n bí ohùn ọmọ rẹ̀ bá tún dákẹ́, àwa ni a óò kọ́kọ́ mọ̀, a ó sì pe ìyá rẹ̀.